Ta Ló Máa Bá Ọ Gba Owó Ọjà?

Bí wọ́n bá pe àwọn ọ̀dọ́ jọ lóde òní láti kọ́ wọn ní òwò, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n láyà. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó dà bó ṣe máa dà. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba ìwé-ẹ̀rí, kálukú á gba ilé lọ. Èmi kò bá ìgboyà jà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀bù pa ládùúgbò wa, kì í ṣe àyà ni wọn ò ní. Wọ́n láyà láti yá owó, wọ́n láyà láti gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n láyà láti kó ọjà. Ibi tí àyà wọn ti ń já ni kí wọ́n kan ilẹ̀kùn oníbàárà kí wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, owó mi ni mo wá gbà."

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ti mọ̀ tipẹ́ pé owó gbígbà le ju ọjà títà lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn oníṣòwò aṣọ láti Iléṣà àti agbègbè rẹ̀ ti ń gbé aṣọ kiri Èkìtì, Àkókó àti Kàbbà, títí wọ òkè Ọya. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, kò yà sí Iléṣà. Ìjẹ̀ṣà ò jókòó ti ìyẹn kí wọ́n máa ráhùn. Wọ́n ń ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó, wọ́n ń dì í lẹ́rù, wọ́n ń gbé e dé abúlé tí òyìnbó kankan ò ní fẹsẹ̀ tẹ̀ nítorí ọjà títà. Àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ fẹ́ aṣọ, àmọ́ owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ àfi ìgbà ìkórè. Àwìn ni wọ́n ń tà fún un, wọ́n á dá ọjọ́ tí yóò máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè bá ń pa ìtàn, oníṣòwò á lóṣòó síwájú ilé rẹ̀, á ní òun ò ní dìde àfi bí òun bá gba owó òun. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní Òṣómàáló.

Ìlóṣòó yẹn làwọn èèyàn máa ń fi ṣe ẹ̀rín, wọn kì í wo iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó lóṣòó, ó ti ní láti mọ ẹni tó ní oko lóòótọ́ àti ẹni tó ń fẹnu lásán dáko. Ó ti ní láti mọ ìgbà tí owó kòkó máa wọlé, kó má lọ dààmú èèyàn nígbà tí ọwọ́ onítọ̀hún gbẹ. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye tó kù lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti abúlé dé abúlé. Bákan náà, kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kọjá ààlà, torí ẹni tó wá sìn ní gbèsè lónìí ló tún fẹ́ ta aṣọ fún lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á ru ẹrù tẹ̀lé ọ̀gá fún ọdún púpọ̀, á máa wo bí ọ̀gá ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń dákẹ́, kí òun náà tó dá dúró. Ta ló ń kọ́ ọmọ ní irú ẹ̀kọ́ yẹn báyìí?

Ẹ wá wo ọmọbìnrin tó ń ta aṣọ lórí WhatsApp. Ẹni tó gba léèsì lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti wọ̀ ọ́ ròde, ó ti gbé fọ́tò rẹ̀ sórí ìkànnì fún gbogbo ayé rí, ọmọ yìí ò lè béèrè owó. Ó ní àǹtí òun ni, wọ́n á ní òun ò mọ̀wọ̀n. Ló bá lọ yá owó èlé orí fóònù láti fi kó ọjà tuntun. Ó wá ń san èlé lórí aṣọ tí àǹtí ti wọ̀. Mo mọ̀ pé a kì í torí owó kọjú ìjà sí àgbà nílẹ̀ Yorùbá. Kò sì kọjú ìjà sí wọn bó bá kúnlẹ̀, tó ní, "Àǹtí mi, ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí. Owó léèsì yẹn ni mo wá gbà, mo fẹ́ fi kó ọjà ni." Ìkúnlẹ̀ ò sọ gbèsè di ẹ̀bùn.

Nǹkan tún ti le sí i láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀. Owó tó bá pẹ́ kó tó wọlé ò lè ra iye ọjà tí a tà mọ́, bí onígbèsè tilẹ̀ san án pé. Ojú owó ló ń jẹ yẹn, kì í ṣe èrè. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ mi dá ìjọba láre o. Bí oníṣòwò bá ń gba gbèsè rẹ̀ déédéé, ìyẹn ò ní kí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ má mu epo.

Ẹni tó ń gba owó rẹ̀ láì tijú gbọ́dọ̀ lè san èyí tó jẹ láì jẹ́ kí wọ́n wá a wálé. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Bó bá sì gba owó náà, ó gbọ́dọ̀ lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo Alhaji Rasaq Òkóyà tó dá iléeṣẹ́ Eleganza sílẹ̀, nídìí iṣẹ́ télọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ó tọ́jú ogún pọ́n-ùn, ìyá rẹ̀ fún un ní àádọ́ta kún un. Àádọ́ta yẹn làwọn èèyàn máa ń di mú, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ló tì í lẹ́yìn. Ogún ni èmi ń wò. Ọ̀dọ́ tó rí owó lójoojúmọ́ tí kò ná an títí tó fi pé ogún pọ́n-ùn láyé ìgbà náà, ìyá wo ni kò ní yá lára láti fún un ní tirẹ̀?

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń tajà, mú ìwé gbèsè rẹ jáde lálẹ́ òní. Bí o ò bá ní, ra ọ̀kan. Kọ orúkọ, kọ iye, kọ ọjọ́ tí wọ́n dá, kí o sì lọ bá ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ̀yin àǹtí tẹ́ ẹ jẹ owó léèsì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó di pé ọmọ náà ń wá kúnlẹ̀. Ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i.