Ogun Orí Tábìlì Kì í Ṣe Eré Ọmọdé

Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ a máa fẹnu tẹ́ńbẹ́lú eré kan tí àwọn òyìnbó ń ṣe. Àgbàlagbà a kó ọmọ ogun kéékèèké tí a fi òjé tàbí ike ṣe, a kùn wọ́n ní ọ̀dà, a tò wọ́n sórí tábìlì, a sì fi dáìsì àti tápà tún ogun àtijọ́ jà. Wọ́n ní ìranù ni. Wọ́n tún ní ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn di ohun ìṣeré. Èmi kò bá wọn gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìranù. Ní 1824, ológun ilẹ̀ Prussia kan, Reisswitz, tẹ òfin eré ogun tirẹ̀ jáde. Orí máàpù ni wọ́n ti ń ta á. Ìṣẹ́jú 2 ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún, adájọ́ eré a sì máa fi ohun tí ojú ọ̀gágun kò lè tó lójú ogun pamọ́ fún un. Eré yìí ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọ̀gá ológun wọn níṣẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? H. G. Wells, tó kọ ìwé òfin eré yìí ní 1913, *Little Wars*, kò yin ogun rárá. Ní ìparí ìwé náà ó ní ẹni tó bá ta eré yìí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin yóò rí i bí ogun gidi ti rí ràdàràdà tó. (Ọdún kejì ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, àwọn tó dá a sílẹ̀ kò ka ìwé rẹ̀ kún.)

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù ni ọwọ́ tí àwa fi ń mú Ogun Kírìjì. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ pé àwọn Ẹkìtìparapọ̀ ní ìbọn òyìnbó, a sì kọjá lọ. Àwa náà a fún un ní máàkì. Ẹni tó bá fẹ́ to Kírìjì sórí tábìlì kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Òfin ni yóò kọ. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ìbọn tuntun yóò yìn kí ṣakabùlà tó yìn lẹ́ẹ̀kan? Báwo ni ìbọn ṣe ti Èkó dé Ìmẹ̀sí-Ilé? Kí ló dé tí ẹ̀tù fi ń wọ́n àwọn Ìbàdàn ní Ìgbájọ? Kò ní í pẹ́ kó tó bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí. Bí òfin rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó, ẹni tí wọ́n jọ ń ta á yóò jà á níyàn. Ta ní ń já àròkọ wa níyàn?

Àbùkù wà lára eré náà o, ibòmíràn ló wà. Jagunjagun tó kú a padà sínú àpótí, ó di ọjọ́ mìíràn. Obìnrin tó ru oúnjẹ lọ sí ibùdó kò ní ère tirẹ̀; ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kò ní. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó tó tú. Ẹni tó bá fẹ́ ta Kírìjì, kó wá òfin fún ọdún méje yẹn, kó sì gbẹ́ ère àwọn ẹrú mọ́ ti Ògèdèǹgbé.