Bí Òní Ti Rí, Ọ̀la Lè Má Rí Bẹ́ẹ̀

Bí ìṣòro bá dé bá ènìyàn, àwọn kan a máa sọ pé, "Ó ti parí fún un." Àwọn mìíràn a sì máa sọ pé, "Má sunkún, ire ni yóò já sí." Èmi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Ìyà kì í ṣe ire. Síbẹ̀, ẹni tí ìyà ń jẹ lè rí ohun rere ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú rẹ̀, Òṣoògùn. Ọmọ bí ọdún méjìlá ni nígbà náà. Wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní ọdún 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti di òmìnira.

Kò sí ìyá, kò sí bàbá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwé wà. Àjàyí tẹra mọ́ ẹ̀kọ́. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Ní ọdún 1843, ó tẹ ìwé tí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ní ọdún 1846, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1864, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà.

Ǹjẹ́ a lè torí èyí sọ pé òwò ẹrú dára? Rárá o! Àìmọye ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ni kò rí ìyá wọn mọ́ láéláé. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé Àjàyí kò dúró kí ìbànújẹ́ tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òbí yín. Ẹ lè fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹ sọ ẹ̀dùn ọkàn yín fún àgbàlagbà tí ẹ fọkàn tán. Ẹkún kì í ṣe ohun ìtìjú. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé, "Kí ni ó kù tí mo lè ṣe lónìí?" Ẹ dìde, kí ẹ ṣe é. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.