Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Nígbà tí àwọn àgbà bá ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé kí tálákà má ṣe nawọ́ kọjá ibi tí apá rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún òwe náà yẹ̀ wò yóò rí i pé eku ló ṣáájú, ìtẹ́ ló tẹ̀ lé e, àti pé ẹni tí kò tíì mọ eku kò lè mọ ìtẹ́ tí yóò kọ́ fún un.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń to rélùwéè kékeré sórí pátákó, ejò gbọọrọ a-rìn-lórí-irin-má-yẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù: ọkọ̀ wọn ni eku, ilé tí wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ irin ni ìtẹ́. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni HO, níbi tí ẹsẹ̀ bàtà 87 ti di ẹyọ kan. Pátákó tí ọ̀pọ̀ sì fi ń bẹ̀rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn àti 4 ní ìbú. Walthers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Milwaukee ní 1932, àti Faller ti ilẹ̀ Jámánì, ń ta ilé oníke tí a ń fi gọ́ọ̀mù tò pọ̀, àwòrán ara páálí wọn a sì máa wọ̀ni lójú.

Ilé ìkó-ọkà-sí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 100 yóò ga tó ínṣì 14 lórí pátákó, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ilé ìyọ́rin, bí wọ́n tilẹ̀ ti gé e kúrú, lè gba ilẹ̀ náà mọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà ni ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ fi ń kọ́kọ́ béèrè pé kí ni ọkọ̀ yìí ń gbé, níbo ló ti ń gbé e, ta ni yóò sì gbà á. Bí ó bá jẹ́ ọkà, ilé ọkà kan àti ilé ìlọyẹ̀fun kan ti fún un níṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì arẹwà mẹ́ta kò lè fún un ní ẹrù kan ṣoṣo. (Èmi kò bá ṣọ́ọ̀ṣì jà o, ọ̀kan tó.)

Eku náà tún ní ọjọ́ orí. Àwọn rélùwéè ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀rọ onínà èédú tì tán nígbà tí 1960 fi dé, nítorí náà ilé gogoro ìdà-èédú kò yẹ ọkọ̀ tó ń jẹ dísù, àfi bí a bá kùn ún bí ahoro, torí pé àwọn kan tí wọ́n fi kọnkéré mọ ṣì dúró gbagidi títí dòní.

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ há kò sì ní láti sunkún ilé iṣẹ́ ńlá: iwájú rẹ̀ nìkan ni kí ó tò, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀yìn pátákó, kí ó sì fa irin dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹrù tí ọkọ̀ yóò já síbẹ̀ kò ní dín.