Ẹ Yé Fowó Ra Ẹyin Mántíìsì

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti elégédé sí ẹ̀yìnkùlé ní Maryland, ní Georgia àti káàkiri ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn tó ń ta irúgbìn á gbé apó ẹyin mántíìsì jáde, ìyẹn kòkòrò tó máa ń káwọ́ sáyà bí ẹni ń gbàdúrà. Wọ́n á ní ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni, pé ẹ ṣáà so ó mọ́ ẹ̀ka igi, kòkòrò kankan ò ní ba ewé yín jẹ́ mọ́. Irọ́ ni. Ẹ má rà á.

Mántíìsì Ṣáínà ló sábà máa ń wà nínú apó náà. Kì í ṣe ọmọ onílẹ̀: ìtòsí Philadelphia ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní 1896. Ẹyin inú apó kan lè tó 200. Bí àwọn ọmọ bá jáde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn jẹ, èyí tó bá yè á sì fọ́n ká lọ sọ́gbà aládùúgbò yín.

Àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ara ewé, tí ẹ torí wọn náwó, kò tó ohun tí mántíìsì tó ti dàgbà ń wò. Orí òdòdó ló ń ba sí. Ẹ lọ wò ó nígbà tí oòrùn bá mú: á dúró gbagidi, orí nìkan ni yóò máa yí. Bí oyin bá ṣe bà báyìí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ti gbá a mú, á sì máa jẹ ẹ́ bí ẹsẹ̀ oyin ṣe ń ta pàrà. Oyin yìí kan náà ló ń jẹ́ kí elégédé yín so! Mántíìsì náà ń pa labalábá, ó ń pa ẹyẹ pàápàá. Ní 2017, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Martin Nyffeler, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ 147 jọ nípa mántíìsì tó mú ẹyẹ. Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù ti ṣẹlẹ̀, àwọn ẹyẹ hummingbird tí kò ju gíráàmù mélòó kan lọ ló sì ń kó sí i lọ́wọ́. Àwọn mántíìsì onílẹ̀ náà ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní òfin ò gbà kéèyàn pa mántíìsì, pé owó ìtanràn wà ńbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbàgbọ́ yìí kàn ti wọ àwọn èèyàn lára ni. Àní ní 1977, mántíìsì Yúróòpù, àlejò mìíràn, ni ìpínlẹ̀ Connecticut fi ṣe kòkòrò àmì ìpínlẹ̀ wọn.

Ọmọ onílẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni mántíìsì Carolina. Kò ju nǹkan bí ínǹṣì 2 lọ, ìyẹ́ abo rẹ̀ kì í sì bo ikùn rẹ̀ tán. Ti Ṣáínà lè gùn tó ínǹṣì 4. Bó bá gbọ́wọ́ sókè, ẹ óò rí àmì yẹ́lò láàárín ọwọ́ méjèèjì. Ti Yúróòpù ní àmì dúdú nínú abíyá, funfun sì sábà máa ń wà láàárín rẹ̀.

Apó ẹyin ló tiẹ̀ rọrùn jù láti dá mọ̀. Ti Ṣáínà wú roboto, ó dà bí ìfófòó ọṣẹ tó gbẹ. Ti Carolina gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́ ẹ̀ka, ìlà kan tó mọ́ra sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ewé bá ti wọ́ tán nígbà òtútù, ẹ yẹ àwọn igi yín wò. Èyí tó wú roboto, ẹ gé e, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ má kàn jù ú sí ààtàn, òtútù kì í pa á. Èyí tó lẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó bá di dandan kí ẹ gé ẹ̀ka tó lẹ̀ mọ́, ẹ so ẹ̀ka náà mọ́ igi mìíràn nínú ọgbà.