Ẹlẹ́wọ̀n Kì í Ṣe Oníbàárà

Ẹ̀yin ìjọba Amẹ́ríkà, inú mi kò dùn sí yín.

Ní nǹkan bí 1984, ní ìlú Houston, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ CoreCivic lónìí gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín pé òun á máa bá yín ti àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú mọ́lé. Ilé tí wọ́n fẹ́ lò kò tíì parí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gba òtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n ṣọgbà yí i ká, wọ́n sì kó èèyàn sínú rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì lẹ fi bẹ̀rẹ̀, òwò òtẹ́ẹ̀lì náà lẹ sì ń ṣe títí dòní.

Ẹ dá mi lóhùn: olótẹ́ẹ̀lì wo ló ń gbàdúrà kí yàrá òun ṣófo? Àwọn ìpínlẹ̀ kan tiẹ̀ bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé bẹ́ẹ̀dì 90 nínú 100 nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wọn kò gbọdọ̀ ṣófo. Bó bá ṣófo, ìlú ni yóò sanwó ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọdún tí olè bá dínkù, ọdún náà ni ìlú ń jẹ gbèsè! Ta ní ń fi ẹja yíyan síkàáwọ́ ológbò?

Kì í ṣe pé ẹ kò mọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2016, àwọn olùyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ yín fúnra wọn kọ ọ́ pé wàhálà pọ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n aládàáni ju ti ìjọba lọ. Sally Yates, igbákejì agbẹjọ́rò àgbà yín nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tó di 2017, Jeff Sessions, agbẹjọ́rò àgbà tuntun, wọ́gi lé e. Ní 2021, Joe Biden ní kí wọ́n má ṣe sọ àdéhùn àwọn aládàáni náà dọ̀tun mọ́, ó sì ṣẹ: nígbà tí 2022 fi máa parí, àjọ tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ti kó ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ kúrò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n aládàáni. Ọjọ́ tí Donald Trump padà wọlé ní 2025, ó wọ́gi lé ìyẹn náà. A kì í tutọ́ sílẹ̀ ká tún padà lá a!

Ìwọ Biden náà, má ṣe yangàn. Àṣẹ rẹ kò kan àtìmọ́lé àwọn àjèjì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn aládàáni rọ̀gbọ̀kú sí.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Houston, ẹ̀rín kí lẹ ń rín? Ẹ ní ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ni. Àwọn ará inú òtẹ́ẹ̀lì yẹn ńkọ́? Ẹ̀sùn olè kọ́ ló gbé wọn débẹ̀, ìwé ni. Mélòó nínú yín ni kò ní àbúrò tí ìwé rẹ̀ kò tíì pé? Ẹ ti di ọmọ onílùú, ẹ níbò. Ẹ lè ta aṣọ ẹbí fún èèyàn 200, ẹ ò lè kó èèyàn 10 jọ lọ bá aṣòfin àdúgbò yín.

Ẹ̀yin ìjọba, ẹni tó bá ránni lẹ́wọ̀n ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ di kọ́kọ́rọ́ mú. Bó bá ń wúwo lọ́wọ́ yín, ó dára bẹ́ẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ni yóò jẹ́ kẹ́ ẹ ronú kẹ́ ẹ tó ti ẹlòmíì mọ́lé.