Kì í ṣe ata wa ni wọ́n kọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi ariwo "òyìnbó kórìíra oúnjẹ wa" yìí díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dá ata rodo inú fínígà tàbí àlùbọ́sà inú fínígà tó ti Nàìjíríà wá dúró ní èbúté Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa rí lórí Facebook. Wọ́n á ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Wọ́n á ní wọn ò fẹ́ kí adúláwọ̀ là. Èèyàn rẹpẹtẹ á tẹ like, wọ́n á bú FDA dáadáa, ó parí. Ìyá tó ni ọjà ńkọ́? Tí wọ́n bá ti kọ ọjà rẹ̀ pátápátá, 90 ọjọ́ péré ló ní láti kó o kúrò ní Amẹ́ríkà, àbí kí wọ́n bà á jẹ́. Like yín ò lè san owó kọ̀nténà.

Mi ò sọ pé kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà nílẹ̀ yìí o. Ó wà, mo ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ súpámákẹ́ẹ̀tì tó bá sún mọ́ yín, ẹ máa bá ata jalapeño inú agolo tó ti Mẹ́síkò wá. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà, ẹ máa bá achar máńgòrò àti ti ọsàn wẹ́wẹ́ lórí pẹpẹ. Ṣé àwọn yẹn ti di òyìnbó ni? Wọ́n mọ òfin, wọ́n sì tẹ̀ lé e.

Kí ni òfin ọ̀hún wá fẹ́? Ní 1977, ní ìlú Pontiac ní ìpínlẹ̀ Michigan, èèyàn 59 ló kó àrùn botulism nílé oúnjẹ kan. Ata jalapeño tí wọ́n dì sínú ìgò láìṣe é bó ṣe yẹ ló fà á. Ata ni o! Ata tí wọ́n sì dì ní Amẹ́ríkà níbí. Ní 1979 ni FDA gbé òfin tó dá lórí oúnjẹ tí a fi nǹkan kíkan sí jáde, òun náà la ṣì ń lò dòní.

Kòkòrò tó ń fa àrùn yìí fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí, irú inú ìgò tí a dé pa. Omi híhó lásán ò lè pa irúgbìn rẹ̀. Májèlé rẹ̀ lè wà nínú oúnjẹ kó má rùn rárá, kí àwọ̀ oúnjẹ má yí padà. Ojú ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa ṣú, ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ahọ́n á wúwo, kò ní lè gbé nǹkan mì. Tó bá dé ibi èémí, ẹ̀rọ ló máa bá a mí. Ohun tí kì í jẹ́ kí irúgbìn yẹn hù ni kíkan. pH ni wọ́n fi ń wọn kíkan. Bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó. Òfin ní kò gbọdọ̀ ju 4.6 lọ.

Ẹ máa ní, "Ṣebí fínígà wà nínú ẹ̀?" Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣìnà. Fínígà tó yí ata ká lè kan dáadáa, kí àárín ata tí ẹ ò gé má tíì kan tó. Inú ata lòfin ń bi yín. Ahọ́n ò sì lè wọn ìyẹn. Bí pH bá lé ní 4.0, ẹ̀rọ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi wọ̀n ọ́n. Bébà tó ń yí àwọ̀ ò tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA, kó sì tún forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún irú oúnjẹ inú ìgò yìí. Ó gbọ́dọ̀ fi ìlànà ìsè rẹ̀ ránṣẹ́, ti ọjà kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n ìgò kọ̀ọ̀kan. Onímọ̀ tó mọṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbé ìlànà yẹn kalẹ̀. Alábòójútó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí FDA fọwọ́ sí. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọdún 3. Nọ́ńbà NAFDAC ò rọ́pò ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Kì í ṣe ata wa ni wọ́n kọ̀. Àkọsílẹ̀ tí kò sí ni.

Ta ló wá ń jẹ wá níyà? Àkọ́kọ́, àwọn tó ń ta "sàtífíkéètì FDA" fáwọn ìyá wa. FDA kì í fún ẹnikẹ́ni ní sàtífíkéètì ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ọ̀hún. Ẹ̀ ń san owó ńlá lórí bébà tí wọ́n ya ẹyẹ idì sí, ẹni tó gbà á ò sì bi yín nípa ìlànà ìsè rárá. Ìgbà tí ọjà bá dé èbúté lẹ ó tó mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan.

Èkejì, àwa tá a wà níbí. À ń kó ìgò sínú báàgì, a ní "personal use" ni, a dé ilé tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórí WhatsApp. Ọjọ́ tí ìgò kan bá gbé èèyàn dé ọsibítù, ṣé ẹni tó tà á nìkan ni wọ́n máa fura sí ni? Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, European Union fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò lo oògùn náà rí bá wọn jìyà ẹ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: owó ńkọ́? Òótọ́ ni, ibẹ̀ ló ti dùn mí. Àyẹ̀wò àti ilé ẹ̀kọ́ yẹn, dọ́là ni wọ́n ń gbà, obìnrin tó ń se ata nínú ìkòkò mẹ́ta ò lè dá a gbé. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tẹ́ ẹ̀ ń gba họ́ọ̀lù, tẹ́ ẹ̀ ń ra aṣọ ẹbí lọ́dọọdún, ẹ má bínú sí ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀: ẹ fi owó òde kan sílẹ̀. Ẹ fi rán ẹnì kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ fi sanwó ìlànà ìsè kan tí obìnrin mẹ́wàá tó ń lo ilé ìdáná kan náà lè jọ lò. Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ẹ kàn sí wọn.

Tẹ́ ẹ bá tún rí ọjà tí wọ́n dá dúró, kẹ́ ẹ tó pín in kiri, ẹ kọ́kọ́ bi olọ́jà ní nǹkan mẹ́ta. Mélòó ni pH inú ata yẹn? Níbo ni nọ́ńbà ìlànà ìsè tí FDA gbà wà? Ta ni agbọjàwọlé tó ń ṣe ojúṣe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà? Tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọn ò sì jẹ́ kó wọlé, ẹ pè mí, a jọ máa bú wọn ni.