Sìlíńdà Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Màmá

Lọ́jọ́ tí mo lọ kí ìyá bàbá mi nílé wọn lẹ́yìn ọjà Jankárà, ẹsẹ̀ bàtà mi kan bọ́ sábẹ́ ibùsùn wọn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ojú mi ṣe mẹ́rin. Sìlíńdà gáàsì oníkílò 12.5 ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó kún dẹ́nu, wọ́n fi ògbólógbòó ìró bò ó. Òmíràn sì wà nídìí sítóòfù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí lèyí?" Wọ́n ní, "Ṣé o ti gbàgbé kónílé-ó-gbélé ni?"

N kò gbàgbé. Alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020 ni ìjọba ti Èkó pa nítorí àrùn kòrónà. Kí ọdún náà tó parí, lóṣù Kẹwàá, wọ́n tún ní kí oníkálukú jókòó sílé nígbà rògbòdìyàn EndSARS. Ẹni tí gáàsì rẹ̀ tán lásìkò yẹn mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, gáàsì ìdáná wọ́n bí ojú. Nítorí náà, n kò lè pe Màmá ní aláìgbọ́n. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí èèyàn tọ́jú gáàsì pamọ́ kò burú. Ibi tí a ń tọ́jú rẹ̀ sí ni mo ní ìjà sí.

Propane àti butane ni gáàsì tí a fi ń dáná. Wọ́n fi agbára tẹ̀ wọ́n mọ́nú irin títí wọ́n fi di olómi. Ife kan olómi yìí, tó bá jáde, á di afẹ́fẹ́ tó ju ife 200 lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ náà wúwo ju èyí tí à ń mí símú lọ. Kì í gba ojú fèrèsé jáde bí èéfín. Ńṣe ló ń rìn nílẹ̀ bí omi, tó ń wá kòtò àti kọ̀rọ̀ tí yóò dúró sí. Abẹ́ ibùsùn gan-an nilé rẹ̀. Òórùn tí a máa ń gbọ́ pàápàá, wọ́n fi sí i ni, ká lè mọ̀ tó bá ń jò. Ẹni tó ti sùn fọnfọn kò sì ní gbọ́ ọ. Kí ẹnìkan kàn ṣáná tàbí kó tẹ ṣúwíìṣì, ó parí. Èyí tó tún burú ni ti ìdùbúlẹ̀: tí sìlíńdà bá sùn sílẹ̀, olómi ló máa gba ẹnu rẹ̀ jò dípò afẹ́fẹ́.

Ẹ wá wo Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé fara ti ilé, yàrá kọjú sí yàrá, ẹrù ọjà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ìdí àtẹ̀gùn. Láti Jankárà dé Ìdúmọ̀tà, ọjà ti gba ojú ọ̀nà, mọ́tò panápaná kò ní tètè rí ibi gbà. Ní Abúlé Àdó, lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2020, NNPC ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu àwọn sìlíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ. Ẹ̀mí tó lé ní 20 ló lọ, ilé àti ilé-ìwé wó. Ní Bárúwà, lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún yẹn kan náà, ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ló gbiná, ó sì jó ilé àwọn aládùúgbò. Àdúgbò méjèèjì yẹn kò há tó tiwa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: "Níbo ni ká gbé e sí? Tó bá wà níta, olè á gbé e." Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè jẹ́ ti ẹnìkan. Ilé tó ń dá owó iná mànàmáná jọ lè dá owó àgò onírin kan jọ. Kí wọ́n gbé e sí àgbàlá níbi tí atẹ́gùn ń gbà, kó jìnnà sí kànga, gọ́tà àti jẹnẹrétọ̀. Kí sìlíńdà wà lóòró, kí oníkálukú kọ orúkọ sára tirẹ̀, kí àgádágodo sì wà níbẹ̀. Dípò oníkílò 12.5 méjì, oníkílò mẹ́fà méjì tó: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ìkejì ń dúró dè é. Ilé tí kò bá ní àgbàlá, kí wọ́n má tọ́jú èkejì rárá. Kí wọ́n máa lọ rọ gáàsì kí ti ilé tó tán pátápátá.

Gáàsì kì í bàjẹ́ nípamọ́, ṣùgbọ́n sìlíńdà a máa gbó. Ẹ wo déètì tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà. Tí ẹ bá fura pé ó ń jò, omi ọṣẹ ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ìṣáná. Tí iná bá sọ, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè.

Lọ́jọ́ náà, èmi àti àbúrò mi gbé ti Màmá lọ sí àgbàlá, a fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri. Inú bí wọn gan-an. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè mí pé sìlíńdà mẹ́ta míì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Abẹ́ ibùsùn làwọn yẹn náà ti wá.

Ilé tiyín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn.